Ta Ló Jẹ Ẹran Inú Ìkòkò?

Ẹran mẹ́fà ni ìyá kà sínú ọbẹ̀ lálẹ́ àná; nígbà tó ṣí ìkòkò láàárọ̀, mẹ́rin ló bá. Bàbá wà nílé, àwọn ọmọ wà nílé, àlejò kan tiẹ̀ sùn mọ́jú. Orúkọ ta ni ìyá kọ́kọ́ pè? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ọmọ ọ̀dọ̀ ni.

Ẹni tó bá ti mọ ìtàn ìkòkò yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìtàn knave tán, ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń bú oníjìbìtì àti jàgùdà. "Néèfù" ni wọ́n ń pè é. K iwájú rẹ̀ dà bí baba arúgbó tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà: kò ṣiṣẹ́ kankan mọ́, ṣùgbọ́n ta ló máa lé e kúrò nílé? Nígbà kan rí, ẹnu ń pe K náà dáadáa.

Cnafa ni wọ́n ń kọ ọ́ láyé ìgbà yẹn, ọmọkùnrin ló sì túmọ̀ sí, láìsí èébú nínú. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin là ń rán níṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà bá ti ọ̀dọ̀ ọmọ bọ́ sọ́dọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1200, ẹran ti dín nínú ìkòkò, ọmọ ọ̀dọ̀ ti di olè. Síbẹ̀ ìtumọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì jọ ń gbé inú agbolé kan bí orogún: Chaucer, akéwì tó kú ní 1400, ṣì ń fi knave pe ọmọ tuntun tó bá jẹ́ akọ.

Nínú eré King Lear tí Shakespeare kọ, tí wọ́n ṣe níwájú ọba ní 1606, Lear fi ọ̀rọ̀ yìí kẹ́ aláwàdà rẹ̀. Nínú eré kan náà, Kent, ìjòyè ọba, fi í bú ìránṣẹ́ kan, Oswald, débi tí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Kí ló yani lẹ́nu níbẹ̀? Ṣebí màmá àgbà ń gbé ọmọ-ọmọ jó, ó ń pè é ní "olè yìí", ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ lọ pariwo "olè" yẹn kan náà lọ́jà kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Inú káàdì tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́ náà ni knave wà, lẹ́yìn ọba àti ayaba. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà sí igun káàdì, K ti ọba àti Kn ti knave jọra bí ìbejì tó wọ aṣọ kan náà, ni wọ́n bá yá J lọ́wọ́ Jack. Orúkọ mẹ̀kúnnù sì ni Jack: nínú ìwé Great Expectations tí Dickens parí ní 1861, Estella ọmọ ilé ọlá fi Pip, ọmọ mẹ̀kúnnù, ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ó pe knave ní Jack.

Àgbẹ̀ náà ò rí ibi sá sí. Villain, tó ń jẹ́ ìkà ènìyàn lónìí, jáde láti ara villa, ilé oko ńlá àwọn ará Róòmù. Àwọn tó ń roko lórí ilẹ̀ olówó ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà pè; nígbà tí Ọba William ka àwọn ènìyàn àti dúkìá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sínú ìwé ní 1086, wọ́n pọ̀ nínú ìwé náà bí èrò ọjà. Ẹ fi wọ́n wé ìwọ̀fà ayé àtijọ́, àmọ́ ìwọ̀fà a máa san gbèsè kó sì lọ sílé. Ti àwọn wọ̀nyí, ọmọ a tún jogún rẹ̀. Àwọn ọlọ́lá wo ẹsẹ̀ wọn tó kún fún ẹrẹ̀, wọ́n ní ọkàn wọn náà rí bẹ́ẹ̀. Kí a tó bú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ ká rántí ẹni tí a ń pè ní "ará oko", lẹ́yìn tí a ti jẹ iṣu rẹ̀ yó.

Knave ní mọ̀lẹ́bí kan ní Jámánì, Knabe lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ṣì ń pe K tirẹ̀ ketekete, ọmọkùnrin lásán ló sì ń jẹ́ títí di òní.