Ṣé o mọ̀? Ìjókòó pẹ́ ń ṣeni

Ṣé o mọ̀ pé ní 1953, olùwádìí Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àrùn ọkàn ń ṣe awakọ̀ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní Lọ́ńdọ̀nù ju kọ̀ńdọ́ tó ń gun àkàsọ̀ sókè sódò lọ? Inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wà o, àmọ́ awakọ̀ ló ń jókòó sójú kan!

Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn kì í sinmi, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kì í kúrò lórí ìjókòó. Bẹ́ẹ̀ náà ni akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo ní Tẹ̀dé. Ẹ máa dìde lóòrèkóòrè, ẹ na ẹ̀yìn, ẹ rìn lọ bu omi mu. Ní 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní mímira díẹ̀ pàápàá sàn ju àìmira lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá di iṣẹ́ ẹni mẹ́ta ru ẹnì kan, ìnara nìkan ò lè gbà á lọ́wọ́ àárẹ̀.