Yíyan Ilé-Ẹ̀kọ́ fún Ẹ̀kọ́ Ìbálò Àwọn Orílẹ̀-Èdè

A kò ṣe aláìmọ̀ pé ó ń wu àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa láti gba oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ bí orílẹ̀-èdè ti ń bá orílẹ̀-èdè lò, kí wọn lè di ikọ̀ ìjọba tàbí òṣìṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ìfẹ́ náà dára. Ṣùgbọ́n òkìkí ilé-ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ ń béèrè, nígbà tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè ilẹ̀kùn tí oyè náà yóò ṣí.

Ilé-ẹ̀kọ́ olókìkí wà. Ti Georgetown ní Washington bẹ̀rẹ̀ ní 1919, ti Geneva ní 1927, Fletcher tí ó wà lábẹ́ Yunifásítì Tufts ní 1933. Kò sí èyí tí kò dára nínú wọn.

Síbẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà kì í gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè náà sí iṣẹ́ ikọ̀ rẹ̀, kì í sì í fi dandan béèrè oyè kejì lọ́wọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ pàápàá. Ní 2025, ó ti USAID pa, èyí tí ó ti ń pín ìrànlọ́wọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì pàdánù iṣẹ́ wọn. Ọmọ Nàìjíríà tí ó bá yá owó ńlá lọ kàwé ní Washington ní láti ro èyí dáadáa, nítorí olówó kì í dúró de oníṣẹ́ tí kò tí ì rí iṣẹ́. Ní ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó ní ìdánwò fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò ju ẹni ọdún 32 lọ. Oyè kìn-ín-ní tó láti ṣe é, ṣùgbọ́n kìkì ọmọ orílẹ̀-èdè tí a bá pè lọ́dún náà ni a ń gbà.

Nítorí náà, kí a kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ tí a fẹ́, kí a béèrè irú iṣẹ́ tí àwọn àlejò tí ó jáde níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá rí. Kí a má ṣe gba iye gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lápapọ̀, nítorí iye àwọn onílé lè bo ti àlejò mọ́lẹ̀. Kí a béèrè pẹ̀lú iye tí ilé-ẹ̀kọ́ náà yóò fi ràn wá lọ́wọ́, àti bí ó bá ń kọ́ni ní ètò ọrọ̀-ajé àti èdè.

Bolaji Akinyemi, tí a bí ní Iléṣà ní 1942, kàwé ní Fletcher kí ó tó lọ sí Oxford. Ibrahim Gambari, ọmọ Ìlọrin, gba oyè ní Columbia. Ó dùn mọ́ wa pé iṣẹ́ olùkọ́ ni àwọn méjèèjì ṣe ní yunifásítì wa, ọ̀kan ní Ìbàdàn, èkejì ní Zaria, kí ìjọba tó fi wọ́n ṣe mínísítà ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè ní àárín ọdún 1984 sí 1987.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wà ní iṣẹ́ ikọ̀ Nàìjíríà lè kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, kí ó sì fi owó ọkọ̀ òfuurufú kọ́ èdè Faransé títí yóò fi lè kọ lẹ́tà ìjọba nínú rẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́, kò jìnnà sí wa.