Bí Èdè Lisp Ṣe Ń Wọn Gígùn Àtòjọ

Nínú àwọn èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, Lisp wà lára àwọn tó pẹ́ jù lọ tí wọ́n ṣì ń lò títí dòní. John McCarthy ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní MIT, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lọ́dún 1958, àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí èdè náà sì jáde lọ́dún 1960. Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dá èdè yìí sílẹ̀ gan-an ni títo nǹkan sínú àtòjọ, síbẹ̀ bí ètò kan bá fẹ́ mọ iye ohun tó wà nínú àtòjọ, ìdáhùn náà kò sí lákọsílẹ̀ níbì kankan, àfi kí kọ̀ǹpútà kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí wọ́n ṣe kọ́ àtòjọ náà ló fà á. Àpótí kéékèèké ló para pọ̀ di àtòjọ, àpótí kọ̀ọ̀kan sì ní àyè méjì: èkíní, tí wọ́n ń pè ní car, ń tọ́ka sí ohun tí wọ́n fi pamọ́, èkejì, tí wọ́n ń pè ní cdr, ń tọ́ka sí àpótí tó tẹ̀ lé e, títí yóò fi kan nil, èyí tí í ṣe àmì pé àtòjọ ti parí. Ńṣe ló dà bí àdúgbò tí ilé ibẹ̀ kò ní nọ́ńbà, tó jẹ́ pé onílé kọ̀ọ̀kan kò lè júwe ju ilé tó kàn án lọ. Ẹ̀rọ IBM 704 tí wọ́n kọ́kọ́ fi gbé Lisp ró ni orúkọ méjèèjì ti wá. Ẹyọ àyè kan nínú ìrántí ẹ̀rọ náà jẹ́ bíìtì 36, àdírẹ́sì kan sì ń gba 15, nítorí náà àdírẹ́sì méjì wọ inú rẹ̀, bíìtì 6 péré ló sì ṣẹ́ kù, èyí tí kò lè gba iye tó kọjá 63.

Ká tilẹ̀ ní àyè pọ̀ níbẹ̀, ìṣòro mìíràn ṣì wà, òun ló sì jinlẹ̀ jù. Bí àtòjọ kan bá ní ẹ̀wà àti àgbàdo nínú, tí ètò sì fi iṣu síwájú wọn nípasẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní cons, Lisp kì í da ẹ̀wà àti àgbàdo kọ lẹ́ẹ̀kejì. Àpótí iṣu kàn ń tọ́ka sí àpótí ẹ̀wà ni, tí àtòjọ méjèèjì sì jọ ń lo ìdí kan náà. Bí ètò mìíràn bá wá so ọsàn mọ́ ẹ̀yìn àgbàdo, àtòjọ méjèèjì ti gùn sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àpótí iṣu, iye yòówù tí wọn ì bá sì ti kọ sára rẹ̀ ti di irọ́.

Nítorí náà, rírìn ni length, iṣẹ́ tó ń wọn gígùn, máa ń rìn láti orí dé ìdí. Wọ́n lè túmọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn méjì tó dára létí: gígùn nil jẹ́ 0, gígùn àtòjọ mìíràn sì jẹ́ 1 pẹ̀lú gígùn cdr rẹ̀. Ẹwà yìí ní owó tirẹ̀, nítorí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ fi gbogbo ìròpọ̀ tí kò tíì parí sọ́kàn títí yóò fi kan nil, àtòjọ tó gùn gan-an sì lè gba gbogbo àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú ìrántí bẹ́ẹ̀. Ó sàn kí iye máa gòkè bí ìrìn ṣe ń lọ.

Ẹni tó bá ń pe length kìkì láti mọ̀ bóyá àtòjọ ṣófo ń fi àkókò ṣòfò, torí wíwo orí rẹ̀ bóyá nil ni ti tó. Bí ètò bá sì ń pè é ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí àtòjọ ohun 1,000, àpótí 1,000,000 ni yóò kọjá lára wọn. Emacs 28, ẹ̀dà ohun èlò ìkọ̀wé kan tó ní Lisp tirẹ̀, tó jáde lọ́dún 2022, fi length=, length< àti length> kún tirẹ̀, àwọn tó máa ń dúró ní kété tí ìdáhùn bá ti hàn.

Èyí tó le jù ni àtòjọ oníyípo, tí cdr àpótí ìkẹyìn rẹ̀ padà tọ́ka sí ti àkọ́kọ́, nítorí length lè máa rìn níbẹ̀ láìdúró láé. Common Lisp, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Lisp, ní list-length fún irú èyí. Wọ́n lè fi arìnrìn-àjò méjì ṣe é, tí ọ̀kan ń gbé ìṣísẹ̀ kan tí èkejì ń gbé méjì. Bí ayára bá tún bá afàsẹ́yìn pàdé, ó dájú pé inú òbìrí ni wọ́n wà, nil ni list-length yóò sì dá padà. Ní ti Emacs, safe-length rẹ̀ máa ń dá iye kan padà lórí irú àtòjọ bẹ́ẹ̀, iye tí kò kéré sí ti àwọn ohun inú rẹ̀, ṣùgbọ́n tó lè jù ú lọ. Nil ti Common Lisp ṣe tààrà jù bẹ́ẹ̀ lọ.