Ẹmu Inú Ìgò: Bí A Ṣe Lè Dá Kíkan Rẹ̀ Dúró

Kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín pé ẹmu kì í dúró de oníbàárà. Èyí tí a gbé sọ̀kalẹ̀ ní òwúrọ̀ a máa dùn bí oyin; nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ó ti le; bí ó bá sì di ọjọ́ kejì tí a kò tà á, owó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu lórí igbà.

Omi dídùn ni ó ń ti ara ọ̀pẹ àti ògùrọ̀ jáde. Bí ó bá ti kan afẹ́fẹ́ àti akèrègbè ni ìwúkàrà wọ inú rẹ̀, tí ó ń sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí, tí ó sì ń mú un hó. Lẹ́yìn èyí ni àwọn kòkòrò mìíràn, tí ojú lásán kò lè rí, ń sọ ọtí náà di kíkan. Ooru iná ni ó ń pa wọ́n. Ọgbọ́n yìí ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ, NIFOR, tí ó wà lẹ́bàá ìlú Ìbìní, lò láti máa ṣe ẹmu inú ìgò, ẹ̀yin náà sì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níwọ̀nba nílé.

Akèrègbè ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ọ̀pọ̀ adẹ́mu fẹ́ràn kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná kù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹmu lè tètè le. Èyí dára fún ẹmu tí a óò mu lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tá ni fún ti inú ìgò. Ẹ fi omi gbígbóná ṣàn án, kí ẹ sì sá a sóòrùn. Ẹ fi aṣọ funfun tí ó mọ́ sẹ́ ẹmu, kí ẹ máa rò ó títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fi dínkù. Ẹ tọ́ ọ wò: bí ó bá ti rí lẹ́nu yín ní wákàtí náà ni yóò ṣe rí nínú ìgò.

Ìgò bíà tí ó nípọn ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe kún un dé ẹnu. Ẹ fi ààyè ìka méjì sílẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, kí ẹ tó fi ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tẹ ìdérí páànù mọ́ ọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, mo rò pé ààyè náà jẹ́ àdánù, mo sì kún gbogbo ìgò bámúbámú. Mẹ́ta bú lórí iná. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sí ọmọdé nítòsí.

Ẹ tẹ́ àpò sísàlẹ̀ àgbá, ẹ to ìgò sórí rẹ̀, ẹ bu omi tútù dé ọrùn wọn, kí ẹ sì fi ọmọrí bo àgbá nítorí àfọ́kù. Ẹ fi ìgò kan tí omi wà nínú rẹ̀ sáàárín wọn láìdé e, kí ẹ sì ki tẹ̀mómítà bọ̀ ọ́. Ẹ máa fi iná sí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí omi inú ìgò náà bá gbóná dé 70°C ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú 40. Kí omi àgbá má ṣe hó rárá, nítorí híhó a máa ba adùn ẹmu jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìgò tutù nínú omi náà. Ìgò gbígbóná tí ó bá fara kan sìmẹ́ńtì tútù yóò là.

Àwọn kan yóò bèèrè bóyá kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ kí ó gbó bí wáìnì àwọn òyìnbó. Rárá. Wáìnì kan wà tí ọjọ́ orí ń mú dára sí i, ṣùgbọ́n ẹmu kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é sára ìgò, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ó ṣókùnkùn tí ó sì tutù, kí ẹ sì mu ún láàárín oṣù mélòó kan. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó bá rọ̀ sísàlẹ̀ kì í ṣe àléébù.

Kí ẹ tó gbé e lọ sọ́jà, ẹ fi ìgò méjì sí yàrá tí ó móoru fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ìdérí bá wú, tàbí tí ẹmu bá tú jáde pẹ̀lú ariwo nígbà tí ẹ ṣí i, ooru kò wọ̀ ọ́ tó. Ẹni tí yóò máa tà á fún gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé NAFDAC. Ẹ má sì ṣe bu omi àti sakarín-ìn lu ẹmu.

Ní ti èyí tí ooru kò wọ̀ tó, ẹ má ṣe tún un sè. Ẹ fi aṣọ nípọn bo ìgò kí ẹ tó ṣí i, ẹ dà á sínú ìkòkò amọ̀, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dé e. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yóò di ọtí kíkan tí ó dára fún ẹran àti ẹja.