Nígbà Tí Àwòrán Kò Bá Hàn Lójú Mónítọ̀: Ìperí àti Wíwá Àléébù

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò nígbà tí wọ́n bá so kọ̀ǹpútà alágbèéká mọ́ mónítọ̀ tí àwòrán kò sì hàn: "Kò ṣiṣẹ́." Òtítọ́ ni gbólóhùn yìí, ṣùgbọ́n kò tọ́ka sí ibi tí ìṣòro wà. Ẹni tí ó bá gbára lé e lè ra mónítọ̀ tuntun nígbà tí ó jẹ́ pé okùn ni ó bàjẹ́. Olùkọ́ tàbí olùtumọ̀ tí yóò ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní èdè Yorùbá nílò ìperí tí yóò ya ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Iṣẹ́ tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń ṣe ni ilé tí a ó wò níhìn-ín.

Ẹ̀yà mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ kàn. Èkíní ni aṣẹ̀dá-àwòrán tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Èkejì ni ihò àbájáde tí ó wà lára kọ̀ǹpútà náà. Ẹ̀kẹta ni okùn. Ẹ̀kẹrin ni mónítọ̀, tí òun náà ní ihò àbáwọlé àti ojú. Ohun tí ó ń gba inú okùn kọjá kì í ṣe àwòrán, bí kò ṣe àmì iná tí mónítọ̀ ń sọ di àwòrán. Nítorí náà, "àmì" ni ó yẹ fún ohun tí okùn ń gbé, kí a sì fi "àwòrán" sílẹ̀ fún ohun tí ènìyàn ń rí.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Bí mónítọ̀ bá kọ "No Signal", olùtumọ̀ tí ó bá pè é ní "kò sí àwòrán" ti sọ ẹ̀rí nù. "Àmì kò dé" ni ìtumọ̀ tí ó péye. Mónítọ̀ tí ó lè kọ ọ̀rọ̀ yìí ní iná, ojú rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ṣókùnkùn tí iná kékeré ara mónítọ̀ kò sì tàn, okùn iná ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ọ̀pọ̀ mónítọ̀ ní ju ihò àbáwọlé kan lọ. Bí okùn bá wà nínú ihò HDMI nígbà tí mónítọ̀ ń retí àmì láti ihò VGA, àwòrán kò ní hàn. "Input" tàbí "Source" ni wọ́n sábà máa ń kọ sí bọ́tìnnì tí a fi ń yan ihò. "Orísun" kò bá "Source" yìí mu, nítorí pé kọ̀ǹpútà ni orísun àmì. "Yan ihò àbáwọlé" ni yóò yé akẹ́kọ̀ọ́.

Okùn ni ó tẹ̀ lé e. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ 19 ni ó wà ní ẹnu okùn HDMI, ọ̀kan nínú wọn ni ó sì ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ̀ pé a ti so mónítọ̀ mọ́ ọn. Bí okùn kò bá wọlé dáadáa, kọ̀ǹpútà lè má mọ̀ pé mónítọ̀ wà rárá. VGA, tí ó jáde ní 1987, ń gbé àmì tí agbára iná rẹ̀ ń ròkè rodò. HDMI, tí ìlànà rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní 2002, ń gbé àmì òdo àti oókan. Nítorí náà, ó yẹ kí a fi ìyàtọ̀ sí "asopọ̀", tí ó kàn so ẹnu méjì pọ̀, àti "ayí-àmì-padà", tí ó ń sọ irú àmì kan di òmíràn. Asopọ̀ lásán kò lè mú HDMI bá VGA ṣiṣẹ́. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo ihò USB-C ni ó ń gbé àmì àwòrán jáde. Ìrísí ihò kì í ṣe ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀.

Bí gbogbo èyí bá pé, kí a padà sí kọ̀ǹpútà. Lórí ètò Windows, títẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ P yóò gbé ohun mẹ́rin kalẹ̀: ojú kọ̀ǹpútà nìkan, ẹ̀dà, àfikún àyè, àti ojú kejì nìkan. "Extend" ni a pè ní àfikún àyè. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí "fẹ̀ ẹ́", akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa retí àwòrán ńlá, bẹ́ẹ̀ àyè òfìfo ni mónítọ̀ yóò fi hàn títí a ó fi wọ́ nǹkan lọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó rí òfìfo yìí ni ó rò pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Bí èyí náà kò bá yanjú rẹ̀, kí a pa kọ̀ǹpútà, kí a tún un tàn, kí a sì wá ẹ̀dà tuntun fún ètò tí ń darí aṣẹ̀dá-àwòrán.

Ní ìparí, ohun kan ṣoṣo ni kí a máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí okùn àti mónítọ̀ kan náà bá bá kọ̀ǹpútà mìíràn ṣiṣẹ́, ara kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ni àléébù wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè sọ pé "àmì kò jáde láti inú ihò àbájáde" ti fi ibi tí yóò tú han alátùn-únṣe. Ẹni tí ó sọ pé "kò ṣiṣẹ́" ṣì ní ọ̀nà láti rìn.