Ipò Ọ̀rọ̀ Nínú Àkójọ Tí A Tò

Bí ẹnìkan bá béèrè ipò tí Akpro-Missérété wà láàrin àwọn kọmúúnù 9 ti ẹkùn Ouémé, ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. A ó tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà wọn: Adjarra, Adjohoun, Aguégués, Akpro-Missérété, Avrankou, Bonou, Dangbo, Porto-Novo, Sèmè-Kpodji. Orúkọ 3 ni ó ṣíwájú rẹ̀; ipò 4 ni ó wà. Kí á ka iye àwọn tí ó ṣíwájú, kí á fi 1 kún un: gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ nìyẹn. Bí a bá tò wọ́n láti ìsàlẹ̀ wá sí òkè, 5 ni yóò ṣíwájú, ipò rẹ̀ yóò sì di 6. Ipò kì í ṣe ohun ìní orúkọ náà; ọ̀nà tí a gbà tò ó ni ó fún un.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kọ̀ǹpútà tí a ń kó ọ̀rọ̀ èdè pamọ́ sí ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ ábídí wa àfi bí a bá kọ́ ọ. Ẹ wo gígùn, gùn àti gbà. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni gb jẹ́ fún wa, ó sì tẹ̀lé g. Nítorí náà gbà wà ní ipò 3. Ẹ̀rọ tí a kò kọ́ yóò ka b gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà tirẹ̀, yóò sì gbé gbà sí ipò 1. Nọ́ńbà sì ni lẹ́tà gbogbo jẹ́ fún ẹ̀rọ. Nínú Unicode, z jẹ́ 122, ɔ jẹ́ 596, ɛ jẹ́ 603. Bí a bá gbà kí ó fi nọ́ńbà wọ̀nyí tò, ɔ àti ɛ yóò bọ́ sẹ́yìn z, ɔ yóò sì ṣíwájú ɛ!

Ní Benin, álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè ti ọdún 1975 ni a ń tẹ̀lé, tí a tún ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní 1990 àti 2008. Kp ni a ń kọ níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ti ń kọ p. (Ọ̀nà tiwọn ni mo fi kọ èyí, kí tọ̀tún tòsì lè kà á.) Kpɛ́kpɛ́yɛ wà lẹ́yìn k lọ́dọ̀ wa, pẹ́pẹ́yẹ wà lẹ́yìn ọ lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ ilé-ìwé tí ó wá a sí ibi tí kò sí lè gbà pé a kò ní ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ibi tí ó le jù ni ohùn. Ọ̀kọ̀, ọkọ̀, ọkọ, ọkọ́: lẹ́tà wọn dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ọ̀rọ̀ 11 ló ṣíwájú wọn. Bí a kò bá ka ohùn, àṣẹ RANK tí ó wà nínú ìlànà SQL ti ọdún 2003 yóò fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ipò 12, èyí tí ó tẹ̀lé wọn yóò sì gba 16. ROW_NUMBER yóò fún wọn ní 12 dé 15, ṣùgbọ́n èwo ni yóò ṣíwájú? Ó lè yí padà láti ìbéèrè kan sí èkejì. Bí ojú-ìwé bá sì gba ọ̀rọ̀ 14, ọ̀kan nínú wọn lè hàn lójú-ìwé méjèèjì, kí òmíràn má hàn rárá, kí ẹni tí ń yẹ iṣẹ́ wò sì fò ó láìmọ̀.

Ní tèmi, lẹ́yìn lẹ́tà, ohùn ni kí á fi tò wọ́n: ti ìsàlẹ̀, ti àárín, ti òkè, bí mo ti tò wọ́n lókè yìí. Fún kọ́ ilé, kọ́ ẹ̀kọ́ àti kọ́ aṣọ, tí ohùn pàápàá kò lè yà sọ́tọ̀, nọ́ńbà káàdì ni yóò parí rẹ̀.