Ètìpọ́nlá àti Àwọn Ọmọ Ìyá Rẹ̀ Ní Ọ̀dàn Ọ̀fà: Ìṣòro Orúkọ àti Ọ̀nà Ìdámọ̀

Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ akadá tí ó dá lórí ìṣègùn ìbílẹ̀ Yorùbá, bí òǹkọ̀wé bá ti kọ orúkọ ewé kan tán, yóò fi orúkọ Látìnì kan tì í, yóò sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni pé orúkọ méjèèjì dọ́gba. Wọn kì í sábà dọ́gba. Ètìpọ́nlá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ètìpọ́nọlá, jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Boerhavia diffusa ni àwọn ìwé sábà máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú bí Ọ̀fà wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti máa ń mú láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, ẹ̀yà Boerhavia tí ó sì lè hù ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, lẹ́bàá ọ̀nà, ní etí ebè ànàmọ́ tàbí lórí òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ ojú irin, ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò pe gbogbo wọn ní ètìpọ́nlá.

Ọ̀rọ̀ náà kan ju àwọn onímọ̀ ewéko lọ. Ewé Ọ̀sanyìn ni ètìpọ́nlá. Pierre Verger, tí Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwé rẹ̀ lórí ewé Ọ̀sanyìn jáde ní ọdún 1967, ka orúkọ ewé mọ́ ara agbára tí ń mú ọfọ̀ ṣiṣẹ́. Ní Bràsíìlì, àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ṣì mọ ewé náà ní orúkọ Yorùbá rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé erva-tostão ni ará ọjà ń pè é. Bí olùwádìí bá ra ewé gbígbẹ lọ́wọ́ ẹlẹ́wé-ọmọ, tí ó yẹ̀ ẹ́ wò, tí ó sì kọ diffusa sílẹ̀ láìrí òdòdó tàbí èso rẹ̀, ẹlòmíràn lè tún àyẹ̀wò náà ṣe lórí ẹ̀yà mìíràn, kí àbájáde wọn má sì bára mu. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà: punarnava ni wọ́n ń pe diffusa níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tún máa ń ta Trianthema portulacastrum, tí kì í tilẹ̀ ṣe ẹbí kan náà, ní orúkọ yẹn.

Ohun tí ó mú ìdámọ̀ ṣòro ni pé àwọn Boerhavia jọra púpọ̀ ní ewé. Méjì méjì ni ewé wọn ń kọjú síra lórí ọ̀pá, ọ̀kan sì máa ń tóbi ju èkejì rẹ̀ lọ. Òdòdó wọn kéré jọjọ. Òwúrọ̀ ni ó ń là, kí ọ̀sán tó pọ́n ó ti pa dé. Olùwádìí tí ó bá jáde lọ́sàn-án kò ní rí àwọ̀ kankan kọ sílẹ̀. Nítorí náà, èso ni ẹlẹ́rìí tí ó dájú jù. Èso náà kò ju bíi mìlímítà 3 lọ, ó ní igun márùn-ún ní gígùn rẹ̀, ó sì yẹ kí a fi awò tí ń sọ kékeré di ńlá wò ó.

Èso ti diffusa rí bí kùmọ̀ kékeré: ìdí rẹ̀ tín-ín-rín, orí rẹ̀ sì rí róbótó. Irun wẹ́wẹ́ tí ó ní oje wà lára rẹ̀, èyí tí ń mú kí ó lẹ̀ mọ́ aṣọ àti irun ẹran. Òdòdó rẹ̀ pupa mọ́ àlùkò, ó sì sábà máa ń wà lórí ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìparí ọ̀pá, níbi tí ewé kò ti pọ̀. Èso ti Boerhavia erecta yàtọ̀ pátápátá. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e. Ara rẹ̀ ń dán, kò ní irun, kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Òdòdó rẹ̀ funfun tàbí kí ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹnìkẹ́ni tí ó bá ti fi ìka pa èso méjèèjì kò ní ṣì wọ́n mú mọ́.

Ti Boerhavia coccinea ni ó le. Èso tirẹ̀ náà lórí róbótó, ó sì ń lẹ̀. Àmọ́ òdòdó rẹ̀ sábà máa ń pọ́n ju ti diffusa lọ, ó ń ṣù jọ sí ojú kan, ọ̀pá rẹ̀ sì máa ń ní irun àti oje jù. Àwọn onímọ̀ ewéko fúnra wọn kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà tí ó wà láàrin méjèèjì, nítorí náà kò sí ìtìjú nínú kí olùwádìí kọ ọ́ pé òun kò lè pinnu.

Ìdúró wọn kì í ṣe ẹ̀rí tó. Orúkọ erecta, tí Linnaeus fún un ní ọdún 1753, túmọ̀ sí èyí tí ó dúró ṣánṣán, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ lè kọ́kọ́ wọ́ nílẹ̀ kí ó tó nà sókè. Diffusa tí ó hù sáàárín koríko náà lè gbé orí sókè láti wá oòrùn.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn onímọ̀ gbà pé erecta ti wá. Èyí kò wá sọ pé kò lè jẹ́ ètìpọ́nlá tòótọ́ lójú oníṣègùn: àgbàdo náà ti Amẹ́ríkà wá, ó sì ti di ọmọ onílé nínú ẹsẹ Ifá. Yorùbá máa ń ya ewé sọ́tọ̀ nígbà tí ìyàtọ̀ bá kan ọwọ́, imú tàbí ìlò. Tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún gba orúkọ rẹ̀ nítorí ẹ̀gún. Ìrẹ́ ni igi tí oje rẹ̀ ń di rọ́bà dáadáa. Èyí tí ó jọ ọ́ tí oje tirẹ̀ kò dára tó bẹ́ẹ̀ ni akọ ìrẹ́. Bí oníṣègùn kan ní Ọ̀fà bá ń ya ètìpọ́nlá tí ń lẹ̀ kúrò lára èyí tí kì í lẹ̀, orúkọ tí ó pè wọ́n ni ó yẹ kí olùwádìí kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí ó tó ṣí ìwé Látìnì kankan.

Kí ó wá hú odindi ewé náà ní ìgbà òjò, tòun ti gbòǹgbò àti èso tí ó gbó. Kí ó kọ àwọ̀ òdòdó sílẹ̀ ní òwúrọ̀, nítorí ó máa ń ṣá bí ó bá gbẹ. Kí ó kọ ibi tí ó ti rí i gan-an. Kí ó sì fi ẹ̀dà kan sí ibi ìkó-ewé-gbígbẹ-pamọ́, irú èyí tí ó wà ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Ìbàdàn, kí nọ́ńbà rẹ̀ lè wà nínú iṣẹ́ tí a tẹ̀. Níbi tí ó bá jẹ́ ewé tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ lọ́jà nìkan ni ó wà lọ́wọ́, kí ó kọ Boerhavia, kí ó sì fi orúkọ kejì sílẹ̀.